Láti Kútọnu dé Paris: wákàtí mẹ́fà wo?

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ibi ìsìnkú ni a ti máa ń gbọ́ ọ. Ìdílé tí kò ní ọmọ kan tàbí méjì ní òkè òkun kò wọ́pọ̀ mọ́ láàárín wa, yálà ní Àjàṣẹ́ ni, tàbí ní Kétu, tàbí ní Ṣábẹ̀, àwọn tó sì pọ̀ jù nínú wọn, ilẹ̀ Faransé ni wọ́n wà. Nígbà tí bàbá tàbí ìyá bá kú, tí a dá ọjọ́ ìsìnkú, tí ọmọ tó wà ní Paris kò sì dé, ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ lábẹ́ àtíbàbà pé: «Ṣebí wákàtí mẹ́fà péré ni!» Wọ́n á ní ẹni tó jẹun ọ̀sán ní Paris lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Kútọnu, kí ló wá dé tí ọmọ kò lè wá sin ìyá rẹ̀? Irú ọ̀rọ̀ yìí ni ìjà fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà nílé á ní èyí tó wà lókè òkun ti gbàgbé ilé; èyí tó wà lókè òkun á ní òun ni òun ń fi owó ránṣẹ́, òun náà ni wọ́n ń bú. A mọ̀ pé àwọn ọmọ ìyá kan náà wà tí wọn kò kí ara wọn mọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn títí di òní.

Ẹnu dùn ń ròfọ́. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ wákàtí mẹ́fà náà wò, kí a mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀: Paris àti ìlú wa wà lórí ìlà kan náà. Bí ẹ bá mú àwòrán ilẹ̀ ayé, tí ẹ fi ìka lé Kútọnu, tí ẹ fà á lọ tààrà sí òkè, sí ìhà àríwá, láìyà sí ọ̀tún, láìyà sí òsì, Paris ni ìka yín yóò kàn. Ṣábẹ̀ wà lórí ìlà yìí, Kétu àti Àjàṣẹ́ kò sì jìnnà sí i rárá. Nítorí náà ni oòrùn ṣe ń dé àárín ọ̀run ní ọ̀dọ̀ wọn àti ní ọ̀dọ̀ wa ní àkókò kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kì í mú bíi tiwa.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnu dé ti Paris, bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó tó kìlómítà 4,740. Bí ènìyàn bá ń fi ẹsẹ̀ rin 30 kìlómítà lójúmọ́, èyí tí í ṣe bí ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, yóò rìn ju oṣù 5 lọ kí ó tó dé ibẹ̀, bí iyanrìn Sàhárà àti omi òkun bá gbà fún un. Bàálù kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gòkè tó kìlómítà 10 tàbí 11 sí ojú ọ̀run, níbi tí òtútù ti mú ju ti inú fìríìjì lọ fíìfíì, a sì máa sáré tó kìlómítà 850 sí 900 ní wákàtí kan. Bí ó bá gba ọ̀nà tààrà, yóò kọjá lórí ilẹ̀ àwọn Bàrìbá, yóò kọjá lórí ilẹ̀ Niger, yóò wọ Algeria. Aṣálẹ̀ nìkan yóò gbà á ju wákàtí 2 lọ, níbi tí ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kò ní rí iná kankan nísàlẹ̀ bí ó bá jẹ́ òru. Lẹ́yìn náà ni yóò la òkun Mẹditaréníà kọjá kí ó tó wọ ilẹ̀ Faransé láti gúúsù. Bí a bá ka àkókò tó fi ń gòkè àti àkókò tó fi ń sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ọn, ó máa ń tó wákàtí 6, tàbí wákàtí 6 ààbọ̀.

Àlọ àti àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra ní ojú ọ̀nà tiwa yìí. Ẹni tó ń ti Paris lọ sí New York yóò rí i pé àlọ pẹ́ ju àbọ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ńlá kan wà lókè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tó ń ti bàálù lẹ́yìn nígbà àbọ̀, tó sì ń dojú kọ ọ́ nígbà àlọ. Tiwa, gúúsù sí àríwá ni. Ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ náà máa ń gbà lù ú, kò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, kò sì dá a dúró púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ojú ọ̀run pàápàá ní onílé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti ojú ọ̀run ilẹ̀ wọn pa ní oṣù tó tẹ̀lé e. Àwọn bàálù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa ní láti yí ọ̀nà po, wákàtí wọn sì lé. Bí a bá gbọ́ pé ìlú méjì kò kúrò ní ipò wọn, ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà àárín wọn kò lè gùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn tó mú Ìhìnrere gba ọ̀nà yìí wá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1861, àwọn Fadá mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi ní Toulon ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀kan nínú wọn, Fadá Louis Edde, kú sí Freetown ní ojú ọ̀nà. Àwọn méjì tó kù, Fadá Francesco Borghero tó jẹ́ ará Ítálì àti Fadá Francisco Fernandez tó jẹ́ ará Spéènì, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin. Ọjọ́ 103 ni. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹbí wọn tó lè sọ pé kí wọ́n wá sin òkú kan. Kí ìwé ikú tó dé ọwọ́ wọn, koríko á ti hù lórí sàréè náà. Ìrètí pé ọmọ tó wà lókè òkun yóò bá wa níbi ìsìnkú, ohun tuntun ni láyé, bàálù ló mú un wá.

Nígbà tí Ìjọ wa ń ṣe àjọ̀dún 150 ọdún tí àwọn Fadá wọ̀nyí dé, ní ọdún 2011, Bàbá Mímọ́ Benedict Kẹrìndínlógún fúnra rẹ̀ wá kí wa. Ó gbéra ní Róòmù ní òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ó sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí nìyí: Róòmù sún mọ́ wa ju Paris lọ! Kìlómítà 4,060 péré ni, ó fi nǹkan bíi 680 dín sí ti Paris. Ṣùgbọ́n bàálù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ni Póòpù wọ̀, òun ló fi lọ tààrà. Àwa tí a ń lọ ṣe ìrìn-àjò mímọ́, Paris tàbí ìlú mìíràn ni a máa ń gbà, a ó jókòó dúró de bàálù kejì, a ó tún fò ní wákàtí 2 padà sí ìhà gúúsù. Ẹni tó gba Paris lọ sí Róòmù ti rin kìlómítà bíi 5,800 kí ó tó dé ibi tí kò ju 4,060 lọ. Bí ìdílé kan bá ń fi owó pamọ́ kí ìyá wọn lè rí ibojì Pétérù Mímọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ kan gbáko ni, kì í ṣe wákàtí mẹ́fà.

Ṣé ẹ tún rántí ọ̀nà tí Kádínà Bernardin Gantin gbà wá sílé níkẹyìn? Paris ni ó kú sí, ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008, lẹ́yìn tí ó ti fi Róòmù sílẹ̀ ní ọdún 2002 tó padà wá gbé láàárín wa. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà. Ouidah ni wọ́n sin ín sí, nínú ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, Benedict sì lọ gbàdúrà níbi ibojì náà ní ọdún 2011. Pápá ọkọ̀ òfuurufú Kútọnu ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo itòsí. Láti Kútọnu sí Èkó, bí ẹyẹ ṣe ń fò, kò ju kìlómítà 106 lọ. Àwọn ìyá wa tó ń ná ọjà Èkó mọ̀ bóyá ìrìn wákàtí méjì ni. Láti ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ, okùn kan, okùn mìíràn, ìwé kan, owó kan. Oòrùn á ti yí kí wọ́n tó rí Èkó. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì ti ibodè pa fún ẹrù láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹni tó ní àpò ìrẹsì lọ́wọ́ mọ̀ pé Èkó jìnnà ju Paris lọ. Kò sí ẹni tó tún ń ṣírò kìlómítà nígbà náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí wákàtí mẹ́fà wa. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé bàálù, àkókò tí bàálù fi wà lókè nìkan ni. Ká sọ pé ìyá kan ń ti Kétu lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Paris. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń lọ sí Yúróòpù láti Kútọnu, alẹ́ ni wọ́n máa ń gbéra. Bí ó bá jẹ́ aago 11 alẹ́, wọ́n fẹ́ kí ó wà ní pápá ní nǹkan bí aago 8. Nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, kò ní fi Kétu sílẹ̀ kọjá aago 1 ọ̀sán. Yóò dúró lórí ìlà, wọn yóò yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọn yóò yẹ ẹrù rẹ̀ wò. Bí ó bá balẹ̀ ní Paris ní aago 5 tàbí 6 òwúrọ̀, ìlà mìíràn wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin, kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀ ní aago 8. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí 19 ni. Ará Ṣábẹ̀ yóò tún fi èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kún un.

Síbẹ̀ ìyẹn kọ́ ni ọ̀nà jíjìn náà. Ìwé ni.

Ìyá tó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà. Òfin wọn ni pé kí ó béèrè ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn-àjò, kí ó má sì ju oṣù 6 lọ. Wọ́n lè dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 15, wọ́n sì lè fà á dé ọjọ́ 45. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, owó físà kúkúrú yìí jẹ́ 90 euro fún àgbàlagbà, ìyẹn nǹkan bíi 59,000 nínú owó sẹ́fà wa, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn ìtọ́jú àìsàn, èyí tó lè san tó 30,000 euro bí àìsàn bá kọlù ú lọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣàìsàn líle ní Paris lónìí, ìyá rẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́la, bí ó tilẹ̀ lówó bàálù lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, ẹ mọ èyí, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ àìsàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ìwé fún ìyá yín.

Ọmọ náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ wa kò nílò físà láti wọ ilé bàbá rẹ̀; ìpadà ni ìṣòro. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde lè kúrò ní Faransé lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n lè má jẹ́ kí ó wọlé mọ́. Àwọn mìíràn wà nínú àwọn ọmọ wa tí wọn kò ní ìwé rárá, wọn kò sì sọ fún wa, nítorí ojú ń tì wọ́n, tàbí nítorí wọn kò fẹ́ kí ìyá wọn sunkún. Wọ́n á ní iṣẹ́ pọ̀. A á ní agbéraga ni wọ́n. Ẹni tó ní ìwé pàápàá ní ọ̀gá: òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé fún ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ 3, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá fi kún un. Ọjọ́ kan fún àbọ̀, ọjọ́ kan fún àlọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún ìsìnkú. Àṣà tiwa ńkọ́, tí a ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe? Ọmọ náà yóò tọrọ ọjọ́ ìsinmi mìíràn, wọ́n lè fún un, wọ́n sì lè má fún un. Owó bàálù tí a rà ní ọjọ́ méjì ṣáájú sì máa ń wọ́n ju èyí tí a ti rà tipẹ́ lọ.

A kò sọ pé kò sí ọmọ tó lè wá tí kò wá. Wọ́n wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owó aṣọ àti ọtí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kí gbogbo ìlú lè rí i ju owó bàálù lọ, a kò sì ní bá wọn wí àwíjàre. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ irú èyí tí ọmọ òun jẹ́ ni òbí rẹ̀, kì í ṣe àwọn tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà.

Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa nílé ni ọjọ́ tí a ń dá. Ó yẹ kí olórí ẹbí bá ọmọ tó wà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀ kí a tó lọ bá Fadá, kí a tó tẹ káàdì, kí a tó kéde. Kí ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ṣé ìwé rẹ jẹ́ kí o lè padà? ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ọ? ọjọ́ wo ni o rí bàálù? Bí ó bá ní òun kò lè wá, kí a gbà á gbọ́, kí a má fi òkú dúró ní ilé ìgbókùúsí fún oṣù méjì, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba owó níbẹ̀, gbèsè náà yóò sì dúró de àwọn tó wà láàyè. A ti rí ìdílé tó jẹ́ pé owó ilé ìgbókùúsí ló jẹ owó ilé ìwé àwọn ọmọ ọmọ òkú náà.

Ọmọ tí kò lè wá lè bẹ Fadá ìjọ tó wà lọ́hùn-ún kí ó rú ẹbọ Mísà fún ìyá rẹ̀ ní wákàtí kan náà tí a ń ṣe tiwa. A mọ̀ pé ó máa ń tu àwọn tó wà lọ́hùn-ún nínú púpọ̀ láti mọ̀ pé bí àwọn ṣe ń kúnlẹ̀ ni àwọn ará ilé náà ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ aago. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá títí dé ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta, aago Paris àti aago Kútọnu bára mu: aago 10 wa ni aago 10 wọn. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n máa ń sún aago wọn síwájú, aago 10 wa á di aago 11 wọn. Ẹ̀yin ará wa ní Togo, tiyín tún yàtọ̀, nítorí aago Lómé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Kútọnu ní gbogbo ọdún. Aago 10 Lómé jẹ́ aago 11 ní Paris nígbà òtútù wọn, ó sì jẹ́ aago 12 nígbà ooru wọn. Ẹ bá ọmọ yín ṣe àdéhùn pẹ̀lú aago ìlú kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má bàa dé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí Mísà ti parí.

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ti gba físà yín: ẹ má jókòó sí ojú kan fún wákàtí mẹ́fà náà. Ẹsẹ̀ máa ń wú nínú bàálù, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí kò rìn. Ẹ dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ mu omi dáadáa, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó bi dókítà kí ó tó gbéra. Ẹ fi oògùn yín sínú àpò ọwọ́, ẹ má fi í sínú ẹrù ńlá, nítorí ẹrù ńlá lè ṣìnà. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹ mú ìgò àgbo wọ inú bàálù lọ́wọ́ bí ó bá ju ìdá mẹ́wàá lítà kan lọ. Wàrà Fúlàní tí ọmọ náà ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún tó kọjá, àti ẹran gbígbẹ, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní Paris, wọn yóò sì dà á nù lójú yín. Òfin Yúróòpù ni. Gààrí kò ní wàhálà. Ẹja gbígbẹ náà, wọ́n gbà á láyè, bí kò bá ti ju kìlò 20 lọ.